Èèpo Ẹ̀pà àti Pósí Ẹ̀lírí: Ìtàn Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Jọra, láti Èkó dé Ọ̀tà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá jọ ohun ni a fi í wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Òwe yìí fi àyè gba ìfiwéra, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa. Èèpo ẹ̀pà jọ pósí lóòótọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò gbé òkú ènìyàn sínú rẹ̀. Ohun méjì lè jọra lójú, kí ọ̀kan má lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ èdè àjèjì.

Ìlú Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá kọ orúkọ ìlú náà láìfi àmì sí i ti kọ ohun mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan: Ọ̀tà tí í ṣe ìlú àwọn Àwórì, ọ̀tá tí í ṣe ẹni tó ń wá ìṣubú ẹni, àti ọta tí à ń kì sínú ìbọn. Ọmọ Yorùbá kì í ṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú bí ó bá gbọ́ wọn, nítorí pé etí rẹ̀ ti mọ ohùn. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó kan èdè Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí kò sí ohùn tàbí àmì tí yóò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ méjì tó dà bí ìbejì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Nínú ilé ìwé, àṣìmú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ju kí akẹ́kọ̀ọ́ pàdánù máàkì kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, òmìnira ènìyàn, ilẹ̀ baba ẹni, iṣẹ́ oòjọ́ àti ẹ̀mí pàápàá ti wà lórí ìwọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó jọra. Ìtàn náà ni àròkọ yìí dá lé lórí.

Ìdí Tí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Fi Ń Ní Ìbejì

Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè tó jogún láti ilé púpọ̀. Ní ọdún 1066, àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìṣẹ́gun náà, èdè Faransé ni wọ́n ń sọ ní ààfin àti ní kóòtù, Látìn ni èdè ìjọ àti ti ìwé, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè oko àti ọjà. Nígbà tí àwọn èdè wọ̀nyí dà pọ̀, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta wá ń dúró fún ohun kan náà. Màlúù tí àgbẹ̀ ń dà kiri ń jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, 'cow'. Ẹran rẹ̀ tí ìjòyè ń jẹ lórí tábìlì ń jẹ́ orúkọ Faransé, 'beef'. Àwọn agbẹjọ́rò ní tiwọn kò fẹ́ fi ọ̀kankan sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ léra wọn lórí nínú ìwé, bíi 'will' àti 'testament', 'give' àti 'grant'. Kí òǹkàwé fi èyí tó kẹ́yìn yìí sọ́kàn, nítorí yóò tún yọjú nínú ìtàn Èkó.

Yorùbá náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń gbà pín ìtumọ̀, kì í sì í sábà pín in níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti pín in. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'yá' ni àpẹẹrẹ tí gbogbo olùkọ́ mọ̀. 'Ó yá mi ní àdá', 'mo yá àdá lọ́wọ́ rẹ̀': ẹni tó fúnni ń yá, ẹni tó gbà náà ń yá. Gẹ̀ẹ́sì ní kí a wo ọ̀nà tí àdá gbà lọ. Bí ó bá kúrò lọ́wọ́ ẹni, 'lend' ni. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni, 'borrow' ni. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó 'borrow' òun ní bírò. Akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olódo. Òfin èdè abínibí rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé.

Yorùbá sì ní ìpín mìíràn tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Àdá tí a yá, àdá náà gan-an ni a ó dá padà. Iyọ̀ tàbí owó tí a wín, irú rẹ̀ ni a ó san, nítorí pé èyí tí a gbà ti di jíjẹ tàbí níná. Láti ara 'wín' yìí ni 'àwìn' ti wá. Lóde òní ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ 'yá owó', ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò tíì kú lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹni tó bá ní Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kò tíì wo ibi tí Yorùbá fi ìyàtọ̀ tirẹ̀ sí.

Bákan náà ni 'kọ́' rí. Olùkọ́ ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ya 'teach' sọ́tọ̀ kúrò lára 'learn'. Síbẹ̀, nínú Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, 'learn' náà máa ń túmọ̀ sí kí a kọ́ ẹlòmíràn, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń lò ó bẹ́ẹ̀ láìsí ìtìjú. Ìyàtọ̀ tí ìwé gírámà ń gbèjà lónìí kò sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Ènìyàn ló fi í lélẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìwé Atúmọ̀ àti Ẹrù Inú Rẹ̀

Ẹni tí ẹrù ìfiwéra èdè méjèèjì kọ́kọ́ wọ̀ lọ́rùn jù lọ ni Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì dàgbà sí Sàró. Ní 1843, ọdún kan náà tí ó di àlùfáà ìjọ, ni ìwé rẹ̀ jáde, èyí tó to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ ti Yorùbá, tó sì to ti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó mú un gbòòrò sí i ní 1852. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní láti fi ọ̀rọ̀ kan dojú kọ ọ̀rọ̀ kan lórí ìlà kan, ìlà kan kò sì lè gba gbogbo àlàyé tó yẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ Èṣù fi èyí hàn. Nínú Bíbélì Yorùbá, iṣẹ́ ńlá tí Crowther jẹ́ aṣáájú rẹ̀, Èṣù ni wọ́n fi dúró fún 'devil'. Ohun kan so àwọn méjèèjì pọ̀, nítorí pé ènìyàn ń bẹ̀rù wàhálà tí wọ́n lè dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìgbàgbọ́ àbáláyé, Èṣù ni òjíṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ, òun ló ń ṣọ́ oríta. Kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Lẹ́yìn tí ìtumọ̀ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí pẹpẹ ìwàásù, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò mọ ìtumọ̀ mìíràn fún orúkọ náà mọ́. Ọ̀rọ̀ 'àlùfáà' kò ní irú ìjà bẹ́ẹ̀ nínú. Ó ti wà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí kí àwọn atúmọ̀ tó yá a lò fún 'priest', kò sì sí ẹni tó pàdánù ohunkóhun nípa rẹ̀.

Àwọn Àwórì Ọ̀tà náà rí iṣẹ́ àwọn atúmọ̀ wọ̀nyí. Ní nǹkan bí 1842 ni àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun ìlú náà. Láàárín àwọn ọdún 1850, ìjọ CMS rán James White, ọmọ Sàró, lọ síbẹ̀, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Yorùbá ló fi ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo òǹkọ̀wé Sàró ìgbà náà ló wà ní irú oríta bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òrìṣà, fún oyè, fún egúngún àti fún ilẹ̀, nígbà tí àwọn tí yóò ka ìwé wọn kò fi ojú kan nǹkan wọ̀nyí rí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá yàn ni àwọn ará òkèèrè yóò fi mọ ilẹ̀ Yorùbá.

Ìwọ̀fà Kì í Ṣe Ẹrú

Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá nílò owó fún ìgbéyàwó, ìsìnkú tàbí owó ìtanràn, ó lè lọ wín in lọ́wọ́ olówó. Dípò kí ó máa san èlé, òun fúnra rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó náà ní àkókò tí wọ́n bá jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ìwọ̀fà nìyí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé. Kì í dín gbèsè kù. Lọ́jọ́ tí a bá san owó náà pé, iṣẹ́ náà parí. Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ ìlú ni ìwọ̀fà. Ó ní ẹbí, ó lè ní oko tirẹ̀, olówó kò sì lágbára láti tà á. Ẹrú ni wọ́n ń tà ní ọjà bí ẹrù.

Àwọn òyìnbó tó rí ìwọ̀fà lóko olówó pè é ní 'slave', nítorí pé wọ́n rí ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn láìgba owó. Àwọn tó fẹ́ ṣọ́ra díẹ̀ pè é ní 'pawn'. Ṣùgbọ́n 'pawn' ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ohun tí a fi dógò: aago, ẹ̀gbà ọrùn tàbí ẹ̀wù tí ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù títí olówó rẹ̀ yóò fi wá gbà á. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sọ ọmọ ìlú di ohun títà, ìkejì sì sọ ọ́ di ẹrù orí pẹpẹ.

Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ CMS ní Ọ̀yọ́, kò gbà fún ọ̀kankan nínú wọn. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó parí ní 1897, ó kọ ọ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ìwọ̀fà mu. Ó ní àwọn tó ń pè é ní 'pawn' rí ohun tó jọ ọ́ nílẹ̀ wọn, wọ́n sì ń fẹ́ kí gbogbo ohun ìbílẹ̀ ní ojúgbà lókè òkun dandan. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé ètò náà ní ẹsẹẹsẹ, ó sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá náà sílẹ̀ bí ó ti wà. Àlàyé rẹ̀ kò sọ pé ìwọ̀fà dùn. Ọmọdé tí baba rẹ̀ fi sọfà kò yan ipò náà fúnra rẹ̀, olówó ìkà sì wà. Ohun tí Johnson ń dáàbò bò ni òtítọ́ pé ẹni tó jẹ gbèsè kò tíì di ohun ìní ẹlòmíràn. Ó kú ní 1901, ìwé náà sì sọnù kí ó tó di títẹ̀. Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀ tí í ṣe dókítà, ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jáde ní 1921.

Èkó, 1861: Irú Fífún Wo?

Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n padà wá béèrè ìlú náà lọ́wọ́ Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà nítòsí, Dòsùnmú àti díẹ̀ nínú àwọn ìjòyè rẹ̀ fa àmì sí ìwé àdéhùn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ.

Àwọn tó kọ ìwé náà lo àṣà agbẹjọ́rò tí a ti mẹ́nu bà lókè. 'Give' wà níbẹ̀, 'transfer' wà níbẹ̀, 'grant' àti 'confirm' náà tẹ̀ lé e. Etí Yorùbá lè gbọ́ gbogbo wọn ní 'fún', ṣùgbọ́n 'fún' ní ilẹ̀ Yorùbá ní oríṣiríṣi. A lè fún àlejò ní ilẹ̀ kí ó kọ́lé, kí ó dáko, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa gbé ibẹ̀, síbẹ̀ kí ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ ti ìdílé tó fún un. Fífún tí ó wà nínú ìwé 1861 kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fi kún un pé títí láé ni, fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tí yóò jogún rẹ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu jù ni ti oyè. Ìwé náà gbà kí Dòsùnmú máa jẹ́ 'king', ṣùgbọ́n ó ní yóò jẹ́ ẹ ní ìtumọ̀ tí wọ́n sábà ń lò fún oyè náà ní Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìtumọ̀ méjì, inú gbólóhùn kan náà. 'King' ti Lọ́ńdọ̀nù ní agbára lórí ìlú. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Dòsùnmú ní orúkọ àti ẹ̀tọ́ láti parí ìjà àwọn ará ìlú tí wọ́n bá gbà kí ó parí rẹ̀, wọ́n sì tún lè pe ẹjọ́ náà lọ sí abẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Dòsùnmú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣàròyé. Àfikún ìwé tó tẹ̀ lé e ṣèlérí 1,200 àpò owó ẹyọ fún un lọ́dọọdún. Èkó ti di ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹjọ́ Olúwa, 1921

Ìbéèrè pé irú fífún wo ni ìwé 1861 ṣe kò kú. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, béèrè owó ilẹ̀ náà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ, àwọn ìjòyè onílẹ̀ tí ìtàn àtẹnudẹ́nu so mọ́ Ọlọ́fin, baba ńlá tí àwọn Àwórì Ìṣẹ̀rì náà ń tọ́ka sí. Ìjọba kò sọ pé kò ní ẹ̀tọ́ kankan. Ohun tí wọ́n ní ni pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ju ti alábòójútó lọ, nítorí náà owó díẹ̀ ló tọ́ sí i, kì í ṣe owó tí wọ́n ń san fún onílẹ̀ pátápátá.

Amodu Tijani kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 1921, Privy Council, kóòtù tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, dá a láre. Viscount Haldane ló ka ìdájọ́ náà. Ó kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n má ṣe máa fi ọ̀rọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì wọn ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ìbílẹ̀ láìronú, nítorí pé ètò onílẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ nílẹ̀ wọn kò bá ti ìdílé àti ti ìlú mu. Ní Èkó, àwùjọ ló ni ilẹ̀, olóyè sì ń bójú tó o fún wọn. Ìwé 1861 gbé àṣẹ lórí ìlú lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Nítorí náà, owó onílẹ̀ pátápátá ni kí ìjọba san.

Kókó ẹjọ́ náà ni ìyàtọ̀ láàárín 'sovereignty' àti 'ownership'. Ẹni tó ń jọba lórí ilẹ̀ lè má ni ilẹ̀. Ọmọ Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́, nítorí pé ọba ìlú kì í kàn dédé wọ oko olóko. Ó gba ọgọ́ta ọdún kí kóòtù Gẹ̀ẹ́sì tó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Ọdún 1921 yìí kan náà ni ìwé Johnson jáde, tó ń jiyàn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ìwọ̀fà.

Ilẹ̀ Ọ̀tà: Ìṣákọ́lẹ̀, Owó Ilé àti Ìwé

Ọ̀tà kò jìnnà sí Èkó, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 gba ilẹ̀ Ọ̀tà kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn ní 1901. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ní Sàngó àti Ọ̀tà, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta. Ní 1989, Ọ̀tà di olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Oko ẹ̀gẹ́ àti oko obì di ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọra sì di ohun tí ìdílé ń tìtorí rẹ̀ lọ kóòtù.

Ìṣákọ́lẹ̀ ni ohun tí àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ máa ń mú wá lọ́dọọdún: iṣu, epo, obì, àti owó nígbà tó yá. Ìwé kan yóò túmọ̀ rẹ̀ sí 'rent', òmíràn yóò pè é ní 'tribute'. Ìyàtọ̀ wọn kò kéré. 'Rent' ni owó ohun tí a lò. Bí àkókò tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí bá pé, onílé lè gba ilé rẹ̀. 'Tribute' jẹ́ ìjẹ́wọ́ pé ẹnì kan ló ni ilẹ̀. Iye rẹ̀ lè kéré púpọ̀, nítorí pé ìbọ̀wọ̀ inú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Nínú òfin ìbílẹ̀ tí àwọn kóòtù Nàìjíríà gbà wọlé, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè wà lórí ilẹ̀ náà láti ìran dé ìran. Ohun tó lè lé e kúrò ni ìwà àìtọ́ tó burú, bíi kí ó sẹ́ pé onílẹ̀ ló ni ilẹ̀. Bí a bá wá pe ìṣákọ́lẹ̀ ní 'rent' nínú ìwé, a ti sọ àlejò ọgọ́rùn-ún ọdún di ayálégbé tí wọ́n lè lé jáde. Bí a bá sì pe owó ilé ní 'tribute', a ti fún ayálégbé ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde ní oṣù Kẹta 1978 mú ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àmójútó gómìnà, ohun tí ó sì ń fún ènìyàn kì í ṣe 'ownership' bí kò ṣe 'occupancy', ẹ̀tọ́ láti wà lórí ilẹ̀ kí a sì lò ó. Ọ̀rọ̀ yìí ló wà nínú orúkọ ìwé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní C of O. Ọ̀pọ̀ ń gbà pé ìwé náà ti sọ àwọn di onílẹ̀ títí ayé, bẹ́ẹ̀ àkókò rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọdún 99.

Ìbejì mìíràn tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú títa ilẹ̀ ẹbí ni 'void' àti 'voidable'. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959, kóòtù gíga ti ìjọba àpapọ̀ fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, 'void' ni títà náà, ìyẹn ni pé asán ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá tà á láìgba àṣẹ àwọn àgbà ẹbí, 'voidable' ni. Ó dúró títí àwọn ẹbí yóò fi lọ sí kóòtù pé kí wọ́n fagi lé e. Sílébù méjì péré ló wà láàárín ẹni tó ti pàdánù owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè má pàdánù ilẹ̀ náà bí àwọn ẹbí bá dákẹ́ jù.

Nínú Ọgbà Ilé Iṣẹ́

Òṣìṣẹ́ tó wọ ọgbà ilé iṣẹ́ ní Sàngó-Ọ̀tà ń bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé nínú lẹ́tà àti lára ògiri. Yorùbá lè sọ pé 'wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́' kí ó sì parí. Òfin Gẹ̀ẹ́sì pín in. 'Termination' ni kí a parí àdéhùn iṣẹ́ pẹ̀lú ìkìlọ̀ tàbí owó dípò ìkìlọ̀, kí òṣìṣẹ́ sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. 'Dismissal' jẹ́ ìyà fún ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ó sì lè gba ẹ̀tọ́ wọ̀nyẹn lọ. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1974, sọ iye ìkìlọ̀: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti lo oṣù 3 àmọ́ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tó ti lo ọdún 2 tí kò tíì pé 5, àti oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ sí lẹ́tà tí a kọ 'resign' sí lára ti sọ pé òun ló fúnra òun kúrò. Kò ṣe é ṣe kí ó tún padà wá béèrè owó ìkìlọ̀ bí ẹni tí wọ́n dá dúró.

Ti iná ló burú jù. Akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ pé 'in-' níwájú ọ̀rọ̀ ń sọ pé 'kì í ṣe bẹ́ẹ̀', bí ó ti wà nínú 'incorrect'. Bí ó bá wá rí 'inflammable' lára àgbá, ó lè gbà pé ohun inú rẹ̀ kì í gbiná. Òdìkejì ni òtítọ́. 'Inflammable' àti 'flammable' jẹ́ ọ̀kan náà: àwọn méjèèjì ń gbiná. 'In-' ti ibí yìí wá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe Látìn tó túmọ̀ sí kí a tiná bọ nǹkan. Nítorí ewu yìí ni àwọn onímọ̀ nípa ìdènà iná ní Amẹ́ríkà fi ṣe ìpolongo ní sẹ́ńtúrì 20 pé 'flammable' ni kí wọ́n máa kọ sára ẹrù. Èyí tí kì í gbiná ni 'non-flammable'.

Ní Amẹ́ríkà kan náà, Benjamin Lee Whorf jẹ́ onímọ̀ èdè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ni kí ó máa yẹ ilé iṣẹ́ wò fún ilé ìdójútòfò iná kan ní Hartford. Ó ṣàkíyèsí pé ènìyàn máa ń ṣọ́ra gan-an níbi tí àgbá bẹntiróòlù tó kún wà, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n kọ 'empty' sí, wọ́n ń mu sìgá, wọ́n sì ń ju ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àgbá tí a ti da bẹntiróòlù inú rẹ̀ nù léwu jù, nítorí pé òórùn bẹntiróòlù tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ lè bú gbàmù. 'Empty' ní ìtumọ̀ méjì: kò sí ohun tí a fẹ́ nínú rẹ̀, àti pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ rárá. 'Òfìfo' ti Yorùbá kò sàn jù ú lọ. Ẹni tó bá ra irú àgbá bẹ́ẹ̀ láti fi pọn omi, tó sì gbé e lọ fún wẹ́dà kí ó gé orí rẹ̀, ní láti mọ ìtumọ̀ tí ó wà níbẹ̀.

Ohun Tí Olùkọ́ Lè Mú Dání

Ìtàn wọ̀nyí fi hàn pé kíkọ́ orí ìlà gígùn ti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí kò tó. Àwọn tó ṣi ọ̀rọ̀ mú ní 1861 àti àwọn tó pe ìwọ̀fà ní ẹrú kò ṣàìní ìwé atúmọ̀. Ohun tí wọn kò ṣe ni pé wọn kò béèrè ìbéèrè.

Ìbéèrè mẹ́ta péré lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Èkíní: ọ̀nà wo ni ohun náà gbà lọ, láti ọwọ́ ta sí ọwọ́ ta? Èyí ni yóò ya 'lend' kúrò lára 'borrow', àti 'teach' kúrò lára 'learn'. Ìkejì: lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá parí, kí ló kù lọ́wọ́ ta? Èyí ni yóò ya 'rent' kúrò lára 'tribute', 'occupancy' kúrò lára 'ownership', 'termination' kúrò lára 'dismissal'. Ìkẹta: ǹjẹ́ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó pín in dáadáa ju Gẹ̀ẹ́sì lọ? Bí ó bá ní, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe bí Johnson ti ṣe. Kí ó lo ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àlejò.

Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ Yorùbá àti ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní jẹ́ orogún nínú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìyàtọ̀ 'yá' sí 'wín' ti ní ojú tí yóò fi wo 'lend' àti 'borrow'. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Sàngó àti Ọ̀tà ni yóò fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ilé ìwé, àwọn mìíràn yóò sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí nígbà tí ẹbí bá ń ta ilẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ni kí wọ́n béèrè irú fífún tí ó wà nínú ìwé náà.